Ọmọ tó dákẹ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wò

Ẹ̀yin olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ tó ń jà, tó ń bu àwọn yòókù jẹ, kò sí bí a ò ṣe ní rí i. Èyí tó jókòó jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀ la máa ń yìn: "Ọmọ dáadáa ni, kì í dà mí láàmú." Ní kíláàsì tó kún fọ́fọ́ bíi tiwa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọmọ tó dákẹ́, ìsinmi ló jẹ́ fún olùkọ́. Òun gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò láàárọ̀ báyìí.

Ìbejì kan wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní táàmù àkọ́kọ́, Kẹ́hìndé ló máa ń bá mi pín kíréyọ́ọ̀nù, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Nígbà tí a wọlé ní táàmù kejì, kò bọ́ báàgì lẹ́yìn mọ́. Á gbé e kọ́, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ á wà ní géètì. Bí ìyá rẹ̀ ṣe di ìrẹsì sínú fúláàsì ló ṣe ń gbé e padà sílé. Ó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sára tipẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, á ní inú ń run òun.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní bí Kẹ́hìndé ṣe ń rí nìyẹn, àbí kì í ṣe òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò, tó fara balẹ̀ sẹ́yìn? Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò fi Táíwò wọn Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé ti táàmù tó kọjá ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ìyípadà tó pẹ́ lára ọmọ, tí kò jẹ́ kó ṣeré, kó jẹun tàbí kó sùn bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, òun là ń wá. Ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí lára rẹ̀. Kódà ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ nílé tí kì í lanu níléèwé, àwọn dókítà kì í ka oṣù àkọ́kọ́ tó wọ iléèwé mọ́ ọn.

Ẹ máa wo eré wọn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé kan tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì. Ọmọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣojú rẹ̀ lè máa to búlọ́ọ̀kù kó máa wó o, kó tún to ó kó tún wó o, láìrẹ́rìn-ín rárá. Ìyẹn yàtọ̀ sí ọmọ tó ń wó o nítorí ariwo tó ń dùn mọ́ ọn.

Ohun tí mo ń lò kò ju ìwé kékeré kan lọ: ọjọ́, àkókò, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tí ọmọ ṣe. "Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí aago mẹ́wàá, kò fọwọ́ kan oúnjẹ." N kì í kọ "ó lágídí," n kì í sì í kọ orúkọ àìsàn, torí èmi kì í ṣe dókítà. Bákan náà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú ọmọ wò. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè dákẹ́ bákan náà.

Ẹ má bá ìyá sọ ọ́ ní géètì lásìkò tí a bá ń jáde, níbi tí àwọn ìyá mìíràn ti na etí. Ìdúmọ̀tà ni Ìyá Ìbejì ti ń tajà, nítorí náà mo ní kó wá nígbà tí ọjà bá dẹ̀. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe ni mo kọ́kọ́ sọ, kí n tó ṣí ìwé fún un.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ń nà án níbí ni?"

"Rárá o, mà."

Ó pẹ́ kó tó sọ pé ìyá òun tó ń bá òun tọ́jú wọn ti padà sí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Kẹ́hìndé máa ń sùn. Kó má baà sunkún, wọ́n dúró kó sùn lọ kí màmá àgbà tó jáde. Ẹ wá wo báàgì ẹ̀yìn yẹn àti géètì tó ń wò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe màmá àgbà lórí fóònù lálaalẹ́, èmi náà sì ń sọ ẹni tó máa wá mú un fún un láàárọ̀. Díẹ̀díẹ̀, báàgì kúrò lẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń tán bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá sọ pé ẹnìkan fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ẹ má bi í ní ìbéèrè léraléra, ẹ má sì kọ́kọ́ gbé e lọ sílé tí afurasí lè wà. Ẹ sọ fún ọ̀gá iléèwé lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ pe DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀.

Kí a ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí Yábà, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ, ló le jù. "Yábà Left" ti di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ará Èkó, ìyá tó bá gbọ́ ọ á ní ẹ ti pe ọmọ òun ní wèrè. N kò dá wọn lẹ́bi: òfin 1958 tí ìjọba àpapọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ lórí àìsàn ọpọlọ, òfin àwọn wèrè ló ń jẹ́, oṣù Kìíní 2023 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òmíràn. Dókítà ọmọdé ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí, kí ìyẹn kọ̀wé fún wọn. Ilé ìwòsàn Yábà ní ẹ̀ka tàwọn ọmọdé ní Òṣòdì, LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, náà ń tọ́jú wọn. Tí òbí bá kọ̀, ẹ má bá a jà. Ẹ máa kọ ìwé yín lọ, ẹ tún pè é lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọ̀gá iléèwé jókòó tì yín.