Ọdún 2025: bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ gbèsè ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ọdún ti fẹ́ parí, mo sì fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ owó ṣe rí fún mi, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe adìrẹ l'Ábẹ́òkúta, láti Kémta dé Ìtòkú, ni gbèsè wà lọ́rùn wọn tí wọn ò lè fẹnu sọ. Mo san owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn owó èlé tí à ń san díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tán ní oṣù kẹjọ. Láti ìgbà yẹn mi ò tíì tún yá owó èlé kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi tó jókòó tì mí nígbà tí à ń ṣírò rẹ̀.

Kì í ṣe owó ìnáwó ni mo yá. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, kò sí ohun tí a fi ń ṣe adìrẹ tí kò gbówó lórí: aṣọ funfun, aró òyìnbó, kọ́sítíìkì àti haidirós tí a ń pò mọ́ aró, àti àbẹ́là. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń wá. Owó tó ń ra ẹrù kan tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì ẹrù mọ́. Ẹni tí kò bá rí owó kún owó, ṣe ló máa da ìkòkò aró dé. A ò sì lè di gbogbo ọ̀wọ́n yẹn lé oníbàárà lórí, torí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n ya iṣẹ́ adìrẹ sí lára, ti kún ọjà, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń tà á.

Owó tó sún mọ́ wa jù ni owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní gbọ́múlélántà. Wọn ò ní béèrè ilé tàbí ilẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà ti kó ara yín jọ, kí kálukú dúró fún ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀, torí ìṣirò yìí ló là mí lójú. Ká ní ẹ yá ₦200,000, tí wọ́n ní kí ẹ máa san ₦10,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún. Gbogbo rẹ̀ á di ₦240,000. Lójú, èlé 20% ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ gbowó lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, nǹkan bí ìdajì owó ọ̀hún ti kúrò lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ èlé orí odidi ₦200,000 lẹ ó máa san títí yóò fi parí. Bí a bá fi iye tó wà lọ́wọ́ ẹni lóòótọ́ ṣírò rẹ̀, èlé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80% lọ́dún. Adìrẹ wo ló ń pa irú èrè bẹ́ẹ̀?

Èlé nìkan kọ́ o. Lójú tèmi, àsìkò ló burú jù níbẹ̀. Adìrẹ kì í pawó lọ́sẹ̀. A ó ra aṣọ, a ó fi àbẹ́là ya iṣẹ́ sí i, a ó rẹ ẹ́, a ó fi omi gbígbóná yọ àbẹ́là kúrò lára rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó sá a. Lásìkò òjò, aṣọ lè wà lórí okùn fún ọjọ́ mélòó kan kó má gbẹ dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó tó máa wá ẹni tó máa rà á, àwìn ni ẹlòmíràn sì máa rà. Nígbà tí aṣọ àkọ́kọ́ bá fi máa di owó, wọ́n ti pe ìpàdé tó pọ̀. Nínú owó tí a yá náà la ti ń san án.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé tiwa. A ó jókòó sórí àga oníke níwájú ilé ọ̀kan nínú wa, káàdì lọ́wọ́ kálukú, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó á sì dúró lórí wa. Bí owó ẹnì kan ò bá pé, kò sẹ́ni tó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kan, ìyá tó ń ta lááfún láàárín wa ni owó rẹ̀ kò pé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìyá yìí bọ́ gèlè, wọ́n kúnlẹ̀ fún wa, àwa tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Gbogbo wa la pariwo pé, “Ẹ dìde, Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!” A dá owó náà jọ, a san án. Mi ò mọ ohun tí èèyàn lè fi owó rà tó máa tó ìtìjú ọjọ́ yẹn fún àgbàlagbà.

Ní oṣù kìíní, èmi àti ọkọ mi kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: èyí tí mo jẹ, àti èyí tí wọ́n jẹ mí. Èyí tí wọ́n jẹ mí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí mo jẹ! Owó aṣọ ẹbí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ti wọ aṣọ náà jó, àwòrán ti dé orí Facebook, owó mi kò tíì wọlé. Láti ìgbà náà, aṣọ kan ò wọnú aró mi mọ́ láìjẹ́ pé ìdajì owó rẹ̀ ti dé. Oníbàárà kan ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni?” Mo ní, “Mo mọ̀ ẹ́ dáadáa, àbúrò mi. Owó aṣọ funfun ni mi ò ní.” Àwọn kan bínú lọ, àwọn tó dúró sì tó mi.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí mo wà ló tú okùn tó kù. Ìlọ́po méjì owó tí èèyàn bá ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń yá ni, oṣooṣù là ń san án, orí èyí tó kù nìkan ni wọ́n sì ń ka èlé sí. Mo fi tiwọn pa ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rẹ́, mo wá san tiwọn tán pẹ̀lú owó aṣọ. Ó yẹ kí irú nǹkan báyìí yé àwa Ẹ̀gbá ju ẹnikẹ́ni lọ. Àáró ni Lísàbi fi kó àwọn baba wa jọ: lónìí a ro oko tèmi, lọ́la a ro tìrẹ, inú àáró yẹn sì ni agbára tí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́ ti wá.

Ẹ̀yin tó jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń yáwó, ẹ mọ̀ pé láti ọdún 2020 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti fàyè gba báńkì láti yọ gbèsè tí èèyàn jẹ wọ́n nínú àkántì rẹ̀ ní báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó so gbogbo àkántì èèyàn pọ̀. Tí ayánilówó kan bá sì ń fi àtẹ̀jáde ìtìjú ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn yín, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà. Wọ́n gbé ìlànà tuntun jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2025.

Ní ti ìfipamọ́, ₦10,000 ọ̀sẹ̀ yẹn kò dáwọ́ dúró. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, mo kàn yí ojú rẹ̀ padà sọ́dọ̀ alájọ ni. Owó ọjọ́ kan péré ni alájọ máa ń mú lóṣù fún wàhálà rẹ̀, mi ò rò pé ó pọ̀. Àmọ́ mi ò jẹ́ kí owó pẹ́ níbẹ̀, torí kò sí ẹni tó máa dá a padà bí nǹkan bá ṣe alájọ. Owó tó bá wà ní báńkì ńlá, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dá owó padà fún èèyàn bí báńkì bá kógbá sílé, dúró fún un dé ₦5 mílíọ̀nù. Ti báńkì kékeré, ₦2 mílíọ̀nù. Níparí oṣù ni mo ń kó o lọ sí báńkì. Ní oṣù kọkànlá mo fi lára rẹ̀ ra bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀. ₦5,000 lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta sì ni wọ́n ń san èlé rẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀ pé ìjọba ló wá jẹ mí lówó báyìí.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ alẹ́ ló ń ká mi lára jù. Ìyá mi ti dàgbà, wọ́n ṣì ń rẹ aṣọ. Aró ti wọ èékánná wọn débi pé ọṣẹ ò ràn án mọ́. Kò sẹ́ni tó ń san pẹ́ńṣàn fún aláró. PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, ti ṣí ètò fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́ láti oṣù kẹta 2019: èèyàn á máa dá iye tí agbára rẹ̀ bá ká, ó lè fọwọ́ kan apá kan nínú rẹ̀ bí ìṣòro bá dé, ìyókù á dúró de ọjọ́ ogbó. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé mi ò ní lè fi gbogbo rẹ̀ ra aṣọ funfun.

Ó ku owó díẹ̀ tí mo jẹ Alhaja tó ń tà mí láṣọ. Kò ní èlé, wọ́n sì ti ní kí n fara balẹ̀, ṣùgbọ́n màá fi owó ọjà ọdún yìí san án. Lẹ́yìn tí a bá san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ní oṣù kìíní, màá lọ forúkọ sílẹ̀ fún pẹ́ńṣàn náà. Káfíńtà ni ọkọ mi, òun náà kò ní nǹkan kan nílẹ̀ fún ọjọ́ ogbó. Ó ní ká jọ lọ.