Àyẹ̀wò ọdún mi: ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn

Ọdún ti parí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún kẹta PhD mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí rèé, orí mọ́tò tó ń wa ara ẹ̀ náà ni mo ṣì wà, àmọ́ kì í ṣe mọ́tò yẹn gan-an ni mò ń wò, ẹni tó jókòó sídìí sítíárìn ni.

Inú simulator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi mọ́tò àmọ́ tí kì í jáde sí títì, la ti ṣe ìwádìí náà láti oṣù kẹta dé oṣù keje. Wàá jókòó, mọ́tò á máa gbé ẹ lọ, ìwọ ṣáà máa wo títì, tó bá wá tó bí ogún mínìtì aago á han pé ó yá, gba sítíárìn. Kámẹ́rà ń ṣọ́ ojú àwọn tó wá jókòó síbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn ló ń wo títì, tó bá ṣe díẹ̀ ojú á ti máa rìn, ẹlòmíì á máa yán. Bàbá kan tó ti wa lọ́rí fún ọgbọ̀n ọdún di sítíárìn mú kíá bí aago ṣe dún, ọwọ́ wọn yá, àmọ́ wọn ò tíì rí mọ́tò tó dúró síwájú wọn, ni wọ́n bá gbá a. Wọ́n wá ń bẹ̀ mí pé àwọn ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó dùn mí wọra, torí ẹ̀bi wọn kọ́ rárá. Lisanne Bainbridge, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ti sọ ọ́ láti 1983 pé tẹ́ ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní kí èèyàn kàn máa ṣọ́ ọ, ibi tó le jù lẹ fi sílẹ̀ fún un yẹn.

Ẹ wo ti Tempe ní Arizona, oṣù kẹta 2018, mọ́tò Uber tí wọ́n ń dán wò gbá Elaine Herzberg pa níbi tó ti ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ sọdá lálẹ́. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tí mọ́tò fi ń ríran, ti rí i ní sẹ́kọ́ńdì 5.6 kó tó gbá a, kò kàn dá a mọ̀ pé èèyàn tó ń sọdá ni, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ mọ́tò sì ń wo fóònù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìròyìn NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀ lọ́dún yìí.

Pépà tí mo kọ, wọ́n dá a padà. Ó dáa, màá tún un kọ.

Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà wá, wọ́n kọ̀ wọn ò fi sítíárìn sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n ní "ọmọ mi, mi ò mọ ohun tó ń rò." Mo yọ dátà wọn kúrò, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni màá fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀: kí mọ́tò máa sọ ohun tó ń rí fún èèyàn kí aago tó dún. Màmá ti ní àwọn ń bọ̀ lóṣù kejì.