Kurukshetra: Níbi Tí Ọrun Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Arjuna

Kurukshetra wà ní ìpínlẹ̀ Haryana ní ilẹ̀ Íńdíà, nǹkan bí 160 kìlómítà sí àríwá Delhi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, Kurukshetra Junction ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, gáréèjì Kashmiri Gate ní Delhi ni, yóò gba Panipat àti Karnal kọjá. Oṣù kọkànlá tàbí oṣù kejì ló dára jù. Láti oṣù kejìlá bọ́ sí oṣù kìn-ín-ní, kùrukùru òwúrọ̀ máa ń bo ojú irin, ọkọ̀ a sì máa pẹ́ púpọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sí alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, oòrùn á ti mú mábù tẹ́ńpìlì gbóná débi tí ó ń jó àtẹ́lẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í wọ bàtà wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn ló ń gbani.

Jyotisar ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń gbé èrò láti Thanesar, ìlú àtijọ́ tó wà nínú Kurukshetra, gba ọ̀nà Pehowa lọ síbẹ̀; ẹ dúnàá-dúrà owó àlọ àti àbọ̀ kí ẹ tó jókòó. Igi banyan kan wà níbẹ̀, ìbátan igi ọdán tiwa. Wọ́n gbà pé ó ṣẹ̀ wá láti ara igi tí Krishna, òrìṣà ẹlẹ́sìn Híńdù tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun, ti bá Arjuna jagunjagun sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ kí ogun Kurukshetra tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ ẹlẹ́sìn Híńdù: orí 18, ẹsẹ 700.

Ẹ jókòó sábẹ́ igi náà, kí ẹ ka orí kìíní. Àwọn àlejò máa ń fò ó nítorí kò sí ẹ̀kọ́ Krishna níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Arjuna ní kí Krishna wa kẹ̀kẹ́ ogun òun sí àárín ọmọ ogun méjèèjì. Ó wo iwájú, ó rí Bhishma, bàbá àgbà rẹ̀. Ó rí Drona tó kọ́ ọ ní ọfà títa. Ó rí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ikú kọ́ ló ń bà á. Bó bá jà, yóò pa àgbà àti olùkọ́. Bí kò bá jà, ó ti kọ ojúṣe jagunjagun sílẹ̀, àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé e yóò sì ṣègbé.

Ó ní òun kúkú máa ṣagbe jẹ. Krishna kò gbà. Ẹsẹ 47 orí kejì ní apá mẹ́rin: iṣẹ́ nìkan ni ẹ̀tọ́ rẹ, èso rẹ̀ kì í ṣe tìrẹ, má jẹ́ kí èso máa sún ọ ṣiṣẹ́, má sì rọ̀ mọ́ àìṣiṣẹ́. Apá méjì àkọ́kọ́ ló wà lẹ́nu gbogbo ayé, wọ́n á ní Krishna ní ká má bìkítà fún àbájáde. Apá kẹrin ló dá Arjuna lóhùn. Ẹni tó káwọ́ gbera náà ti yàn, karma tirẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ ọwọ́ ẹni àti èrè rẹ̀, sì wà níbẹ̀.

Àwa Yorùbá a máa túmọ̀ karma sí àkúnlẹ̀yàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkúnlẹ̀yàn, a ti yàn án ká tó délé ayé. Karma, ọwọ́ ẹni ló ń ṣe é láti ayé dé ayé, ó sì ń ṣe é lọ́wọ́ báyìí. Àwọn olùkọ́ Vedanta, ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n orí ẹlẹ́sìn Híńdù kan, fi ọfà ṣàpèjúwe rẹ̀. Èyí tó wà nínú apó ni sanchita, àkójọ ìwà àtẹ̀yìnwá. Èyí tó ti kúrò lójú ọrun ni prarabdha: ara tí a bí wa sí, bí ẹ̀mí yóò ti gùn tó, kò ṣeé pè padà. Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ ni agami, òun sì ni ìpinnu wà fún.

Krishna fúnra rẹ̀ sọ ní orí kẹrin pé ọ̀nà karma ṣòro láti mọ̀, ó ń dààmú ọlọ́gbọ́n pàápàá. Ní orí 18 ó ka ohun márùn-ún tó ń bí iṣẹ́: ara, ẹni tó ń ṣe é, irinṣẹ́ rẹ̀, ìgbìyànjú, àti àyànmọ́. Àyànmọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlẹ́karùn-ún ni. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ní ẹsẹ 63, ó ní kí Arjuna rò ó láìku ibì kan, kó wá ṣe bó ṣe wù ú.

Bí ẹ bá ń padà, ẹ ní kí awakọ̀ yà sí Narkatari, níbi adágún Bhishma Kund. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Bhishma dùbúlẹ̀ sí lórí ibùsùn ọfà, tí Arjuna ta ọfà mọ́lẹ̀ kí omi lè sun fún un mu. Àwọn èrò kì í pẹ́ níbẹ̀, ó sì dùn mí, torí Mahabharata, ewì gígùn tó sọ ìtàn ogun náà, ní orí ibùsùn yìí ni Bhishma ti pa ìtàn kan fún Yudhishthira, ẹ̀gbọ́n Arjuna, tí ẹ̀bi ogun kò jẹ́ kó sinmi. Ejò bu ọmọ Gautami ṣán, ọmọ náà kú. Ọdẹ kan fi okùn de ejò, ó bi ìyá bóyá kí òun sọ ọ́ sínú iná ni àbí kí òun gé e wẹ́wẹ́. Gautami ní kó tú u sílẹ̀, pé pípa rẹ̀ kò ní jí ọmọ òun. Ọdẹ kọ̀. Ejò ní Ikú ló rán òun. Ikú dé, ó ní Àkókò ló rán òun. Àkókò náà dé, ó ní karma ọmọ náà ló pa á. Gautami gbà, ó ní karma tòun náà wà nínú ẹkún tí òun ń sun. Ó tún sọ ohun tó ti sọ kí ẹnikẹ́ni tó dé, pé kí ọdẹ fi ejò sílẹ̀. Ọdẹ tú okùn.