Òjò Orí Òrùlé: Santorini àti Ìsẹ́yìn

"Ṣé afẹ́fẹ́ ń wọlé síbẹ̀ báyìí?" Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn pé inú ilé tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni mò ń gbé ní erékùṣù Santorini, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ó ń wọlé dáadáa. Ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilé tí mo háyà ní abúlé Vothonas sí, yàrá kan lẹ́yìn èkejì. Ilẹ̀kùn wà láàárín ògiri iwájú, fèrèsé kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kékeré kan lókè ilẹ̀kùn. Bákan náà ni wọ́n ṣe ògiri tó pín yàrá méjèèjì, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ẹ̀yìn.

Òkè tó ń tú iná ló da eérú bo ibí láyé àtijọ́. Eérú náà dì, síbẹ̀ dígà lásán ń gbẹ́ ẹ. Igi àjà ṣọ̀wọ́n, torí náà òkúta fúyẹ́fúyẹ́ àti eérú tí wọ́n pò mọ́ òkúta ẹfun sísun ni wọ́n fi ń mọ òrùlé, rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀yìn ahun. Àpòpọ̀ yẹn máa ń le kódà nínú omi; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó eérú Santorini lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà omi Suez ní àwọn ọdún 1860.

Ní Ìsẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi po amọ̀ ilé bàbá mi àgbà, ìpele kan á gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Yàrá rẹ̀ máa ń tutù lọ́sàn-án gangan bíi tibí. Ilé búlọ́ọ̀kù tí bàbá mi kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ooru páànù á lé gbogbo wa síta. Níbí, n kì í tan fáànù lóṣù Kẹjọ. Ọ̀rinrin nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu: ẹfun ń ṣí lára ògiri ẹ̀yìn, aṣọ tó bá sì pẹ́ níbẹ̀ á bu.

Nílé, ìjì tó ń ṣí páànù là ń bẹ̀rù. Níbí, ilẹ̀ ni. Àwọn àgbà kò gbàgbé ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Keje ọdún 1956, tí ilẹ̀ mì, tí ilé wó, tí èèyàn tó lé ní 50 kú. Nígbà tó tún ń mì lemọ́lemọ́ lóṣù Kejì ọdún 2025, èmi náà wà lára àwọn tó lé ní 10,000 tó kó ẹrù kúrò.

Ọ̀rọ̀ omi ló wà lọ́kàn mi jù. Kò sí odò níbí, òjò kò sì wọ́pọ̀ nígbà ooru rárá. Òrùlé ni wọ́n fi ń gbe omi: wọ́n mọ etí sí i kí omi má bàa dànù, ojú ọ̀nà tóóró kan á gbé e lọ sínú kòtò tí wọ́n rẹ́ lábẹ́ àgbàlá. Lọ́dún tó kọjá, ìyá onílé mi pè mí ká jọ gbá òrùlé. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka yọ ewé gbígbẹ lójú ọ̀nà omi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi àkísà dí i. Wọ́n ní òjò àkọ́kọ́ kì í wọ kòtò, ti òrùlé ni. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Gbogbo òrùlé agbo ilé wa ní Ìsẹ́yìn ló dojú kọ àgbàlá. Bí òjò bá ṣú, a ó to àmù àti garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, àmọ́ ìyá àgbà kì í jẹ́ ká gbe òjò àkọ́rọ̀. "Ẹ jẹ́ kó fọ ilé ná."

Ní ilé àlejò tí mo ti ń tún yàrá ṣe ní Oia, abúlé mìíràn ní Santorini, wọ́n ti sọ kòtò omi di ilé ìwẹ̀. Omi inú ike ni àlejò ń mu. Nílé, píọ̀wọ́tà ni. Mo bi màmá mi léèrè àmù ìyá àgbà. Wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ilé, wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jù nù. Bí mo bá dé lóṣù Kẹfà, n óò gbé e padà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀.