Mo ti wọ aṣọ funfun o, ẹ bá mi dúpẹ́

Òkun o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, gbogbo ilé pátá. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pé tí mo bá fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde níbẹ̀ mi ò ní tijú, màá sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ìlérí yẹn ni mo wá san yìí. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù bá ń ṣe bákan lójú yín, ẹ rọra fò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ kà á torí ẹ níyàwó, ẹ sì lọ́mọbìnrin.

Sunday tó kọjá ni mo wọ funfun ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọdún mẹ́fà gbáko rèé tí mo ti wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Àwọn kan ti rò pé mo bínú kúrò lẹ́gbẹ́ ni. Rárá o, ẹ̀rù aṣọ yẹn ló ń bà mí. Dúdú ni mò ń wọ̀ ṣáá, síkẹ́ẹ̀tì dúdú, ìró dúdú, wọ́n ti ń bi ọkọ mi pé ta ló kú. Ìyá ìyá mi ọmọ Bùnú ni, ó máa ń sọ fún wa pé aṣọ pupa laṣọ iyì nílẹ̀ àwọn, pé òun ni wọ́n fi ń sìnkú àgbàlagbà tó lórúkọ. Èmi á wá máa rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé pupa tèmi yìí, kò sí iyì kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kẹta ni nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún ló máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ kó tó lọ, ó wá di mẹ́sàn-án, ó di mẹ́wàá. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló burú jù, màá fi páàdì ńlá tí wọ́n fi ń sùn méjì léra, màá tún ká àkísà ìró lé e, kí wákàtí kan tó pé ó ti kún, ẹ̀jẹ̀ dídì á máa já bọ́ gbàà bí ẹ̀dọ̀ màlúù, mi ò bù mọ́ ọn rárá. Nylon dúdú ni mò ń tẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, aago kan òru mo ti dìde, aago mẹ́ta mo ti dìde. Tíṣà pírámárì ni mí níbí ní Ìjùmú, àwọn ọmọ kíláàsì mi gan-an ti mọ̀ pé àwọn ọjọ́ kan wà tí Àǹtí ò ní dìde lórí àga títí gbogbo èèyàn fi máa lọ sílé.

Màámi ní bí tiwọn náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí ti ìyá wọn náà ṣe rí nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ìdílé wa ló pọ̀, ó sì dáa ju kí ẹ̀jẹ̀ má tó lára lọ. Mo gbà. Ibi tí mo ti ṣìnà gan-an nìyẹn, torí ta ló fẹ́ fi ti ẹ̀ hàn mí kí n fi wọn tèmi wò?

Ọjọ́ tó dùn mí jù ni ọjọ́ tí mò ń ti Kábbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Trélà sìmẹ́ǹtì dí ọ̀nà lápá Obajana, a jókòó sínú mọ́tò ju wákàtí méjì lọ, èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, oòrùn ń mú. Mo ti mọ̀ pé ó ti ya. Nígbà tá a dé gáréèjì tí mo dìde, síìtì onímọ́tò ti bàjẹ́, ara mi náà ti bàjẹ́, ọkùnrin yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn èèyàn ń wò. Ìyá àgbà kan tá a jọ jókòó, tí mi ò mọ̀ rí láyé mi, kò sọ̀rọ̀, ó kàn tú ìró òkè tó wọ̀, ó ró o mọ́ mi nídìí, ó bu omi pure water sórí síìtì yẹn, ó ń nù ún, ó ń sọ fún dírẹ́bà pé ṣé ìyá tiẹ̀ kì í ṣe obìnrin ni. Mo sunkún débi pé mi ò lè dúpẹ́, kí n tó nu ojú tán ìyá náà ti gun ọ̀kadà lọ.

Mo tọ́jú ara o, kẹ́ ẹ má baà rò pé mo kàn jókòó. Mo mu àgbo. Kẹ́míìsì gún mi lábẹ́rẹ́ tí mi ò morúkọ ẹ̀ títí dòní. Ní kílíníìkì kan wọ́n ní wàhálà obìnrin ni, á lọ tó bá yá. Ẹnì kan ní ọkọ ọ̀run ni, mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀, mo sì dákú lọ́jọ́ kejì. Mo gba àdúrà gbọ́, àdúrà ló gbé mi débí, àmọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń gbẹ lára ẹ̀ tún wá ń gbààwẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á nímọ̀ràn kó jẹun.

Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yìnyín, màá ra omi dídì màá máa rún un wómúwómú, màá tún máa jẹ ìrẹsì tí wọn ò sè. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé mo mọ̀ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Tí mo bá gun òkè kékeré tó wà níwájú ilé wa, àyà mi á máa lù kìkìkì bíi pé mo sáré wá láti Kábbà. Ọjọ́ kan níwájú bọ́ọ̀dù, mo ṣubú.

Lọ́sibítù, PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, jẹ́ 17. Dókítà obìnrin tó wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ní ti obìnrin tára ẹ̀ pé yẹ kó tó nǹkan bíi 36, ó ní ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn wọlé? Ọkọ mi àti àbúrò ẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fún mi ní báàgì méjì. Lẹ́yìn náà ni dókítà yìí fa àga, ó jókòó, ó ní kí n ka páàdì fún òun. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí! Mélòó lóòjọ́, wákàtí mélòó kó tó kún, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn tóbi tó kí ni, ṣé látìgbà ọmọge ni, ṣé eyín mi máa ń ṣẹ̀jẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn ni kì í tètè dì. Ó ní èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ méje, tàbí tó ń gba páàdì ní wákàtí kan sí méjì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdílé, kẹ́ni náà wá.

Ó ní ká lọ ṣe scan n'Ílọrin. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, títí dé Ọ̀mù-Àrán egungun mi ń ro. Fáíbírọ́ìdì kékeré méjì wà lára ilé ọmọ lẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ní kì í ṣe àwọn ló ń dà mí láàmú. Adenomyosis lorúkọ eléyìí, ìyẹn ni pé awọ inú ilé ọmọ tó yẹ kó máa já bọ́ lóṣooṣù ti wọ inú ẹran ara ilé ọmọ lọ, ilé ọmọ wá wú.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni tranexamic acid tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kìkì ọjọ́ tó bá ń ya gan-an, kì í ṣe gbogbo oṣù. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì sí mi lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí, torí kò dáa fún irú wọn, nítorí náà ẹ má kàn lọ rà á. Wọ́n fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin náà, ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, wọ́n ní kí n má fòyà, kí n máa fi ọsàn lò ó, kí n má fi tíì lò ó. Tíì Lípítọ́nì tí mo fẹ́ràn bí ojú!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ IUD olóhòmóònù, ohun kékeré tí wọ́n fi ń fètò sọ́mọ bíbí, wọ́n á fi sínú ilé ọmọ. Hẹ̀n-ẹ́n! Ọkọ mi ní ó máa rìn lọ sọ́kàn. Màámi ní tí nǹkan oṣù bá dínkù, níbo ni ẹ̀jẹ̀ burúkú máa gbà jáde? Dókítà ò fi wọ́n ṣẹ̀sín, ó ní kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó kó jọ, awọ yẹn ni kò ní nípọn mọ́, kò sí ohun tó máa já bọ́. Ó tún ní kí n má fi wé IUD oníbàbà, torí oníbàbà lè jẹ́ kó tún ya sí i. Mo ti bímọ tán, mo gbà. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ó ń kán díẹ̀díẹ̀ ṣáá, ó sú mi, ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n yọ ọ́, àmọ́ wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù karùn-ún, páàdì pẹlẹbẹ kan lóòjọ́. PCV mi ti di 37. Mi ò jẹ yìnyín mọ́.

Àbúrò mi obìnrin ti ń ka páàdì tiẹ̀ báyìí, ó ń kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ tú ìró fún mi ní gáréèjì Lọ́kọ́ja, tí ọmọ yín kan bá ka èyí sí yín létí, ìró yín wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Àǹkárá aláwọ̀ ewé ni, ẹyẹ wà lára ẹ̀.