Kí lẹ rí kọ́ níbẹ̀?

Ọjọ́rú. Omi ò yọ láàárọ̀. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo dé.

Ohun tí ò tíì tán lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ obìnrin kan nínú Micra tí mo wọ̀ ní Dùgbẹ̀. Mo ń ka Ó Le Kú, ìwé ìtàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹ má bi mí pé ẹlẹ́ẹ̀melòó. Ó yọjú wo èèpo ìwé, ó ní, "Àh, ìwé tọ́mọ mi fi ṣèdánwò nìyí. Aǹtí, kí lẹ wá rí kọ́ níbẹ̀?"

Kíá ni mo fèsì, bí ẹni tí tíṣà na pàṣán sí: "Pé ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo ni." Ó mi orí. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Irọ́ ni mo pa. Mi ò lọ kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Àjàní ni mo lọ bá, àti Aṣákẹ́, Lọlá àti Ṣadé, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń fẹ́, kínú lè bí mi, kí n fẹ́ fọ́ ọmọkùnrin náà létí, kí n sì tún padà máa káàánú ẹ̀. Ìwé tó ti jáde láti 1974, mo ṣì ń bá ẹni inú ẹ̀ jà!

Kí lẹ rí kọ́. Ta ló ń bi ẹni tó jẹ àkàrà bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n kúkú jẹ́wọ́. Tí mo bá dé ilé Ìrágbèje, bàbá ọlọgbọ́n inú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ, ńṣe ni mo máa ń ṣí ewé kọjá. Ọjọ́ méje gbáko tí bàbá fi ń gbani níyànjú! Mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi. Àgbákò, abàmì ẹ̀dá olójú mẹ́rìndínlógún, ni tèmi, àti bí Fágúnwà ṣe ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ títí orí á fi máa wú mi. Nínú Àjà Ló Lẹrù, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Òkédìjí kọ, ńkọ́? Mo máa ń gbàgbé ẹni tó hùwà ọ̀daràn náà. Ẹnu Lápàdé tó ń tọpa wọn ni mi ò lè gbàgbé.

Àbí ẹ rò pé nítorí ẹ̀kọ́ làwọn ará Èkó ṣe ń ra ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 tí Sẹ̀gilọlá ń sọ bóun ṣe lo ìgbà èwe òun? I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́, síbẹ̀ àwọn kan gbà pé ẹni gidi ni Sẹ̀gilọlá. Ó ń kìlọ̀ fọ́mọbìnrin lóòótọ́, àmọ́ ìkìlọ̀ ọ̀hún, aṣọ tí wọ́n fi bo ìròyìn ni.

Ó dáa, mo ti ń le jù. Mo kọ́ Yorùbá níbẹ̀, mi ò lè sẹ́ ẹ. Bàbá mi náà á bèèrè ẹ̀kọ́ tí mo bá ti ka ìwé tán, mo sì máa ń... ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Nǹkan tí mi ò tíì sọ: kí obìnrin yẹn tó sọ̀kalẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó tún yíjú sí mi, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọkùnrin yẹn, èwo ló wá fẹ́ nínú wọn?"

Dẹ́rẹ́bà ń pariwo pé òun ò ní ṣéńjì. Mi ò ráyè dá a lóhùn.