Ọjà tí wọ́n fẹ́ wó: ẹ jẹ́ ká béèrè owó ẹ̀

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ọ̀rọ̀ ọjà wa tí wọ́n fẹ́ wó yìí ń dùn mí gan-an o. Ẹ rántí Téjúoṣó ní Yaba, iná jó o lọ́dún 2007, wọ́n tún un kọ́, wọ́n ṣí i lọ́dún 2014, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ owó ṣọ́ọ̀bù ti di mílíọ̀nù, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá tó ti ń tajà níbẹ̀ látijọ́ ò lè san án, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n wá ń pàtẹ sí. Ta wá ni wọ́n tún ọjà ṣe fún?

Wọ́n ti ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ wó láàárín ìlú tiwa náà báyìí. A béèrè iye tó máa ná wọn, ta ni kọngílá, ibo làwọn ọlọ́jà máa kó sí, kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.

Lóṣù Keje 2024, Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní kówó káńsù máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwa la gbọ́dọ̀ bi alága léèrè ohun tó fi ṣe! Òfin òmìnira ìsọfúnni (FOI) ọdún 2011 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì ní láti fi fèsì. Ká kọ lẹ́tà sí káńsù, kí ìyálọ́jà fọwọ́ sí i, ká rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiwa, kó lè hàn pé wọ́n ti gbà á. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i kó wá bá mi lọ́jà ní Sátidé.